Ìlẹ̀kùn Òsì

Ọdún mẹ́tàlá ni rédíò ọkọ̀ mi fi ń bá mi sọ̀rọ̀ lápá kan.
Ọ̀tún ń wí, òsì dákẹ́ bí ẹni tí a bá jà.
Láti Bàṣọ̀run dé Sẹkitéríàtì, láàárọ̀, nírọ̀lẹ́,
ìròyìn á gba etí kan wọlé,
èkejì á máa gbọ́ táyà àti kòtò.
Ó ti mọ́ mi lára. Mo tilẹ̀ rò pé bí ayé ṣe ń dún nìyẹn.

Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì mi jàjà dé,
àwọn ọmọ ní kí n fi tún ilé ìdáná ṣe.
Mo ní ó tì. Orin ni mo fẹ́ fi tèmi gbọ́.
Mo wa Kòrólà mi lọ Géètì,
sí ìsọ̀ Múkáílà onírédíò, lẹ́yìn àwọn tó ń ta báńpà àlòkù,
ọmọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ń fi eyín bó wáyà,
tó fi ìka kan ìlẹ̀kùn ọkọ̀ mi, kọ́, kọ́, kọ́,
tó dẹtí sílẹ̀ bíi dókítà.
"Màmá, èyí tó bá ọkọ̀ yìí wá, páálí ni.
Ẹ jẹ́ n fún yín ní sípíkà gidi mẹ́rin,
ampilifáyà lábẹ́ ìjókòó,
wúfà kékeré kan ní búùtù tí yóò máa kùn bí ológbò tó yó."
A ná an. Ó rẹ́rìn-ín. A tún un ná.
Mo sanwó. (Màá sọ iye rẹ̀ fún ọkọ mi lọ́jọ́ mìíràn.)

Ó tú dáṣíbọ́ọ̀dù bí ẹni ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀.
Wáyà pupa, wáyà dúdú, wáyà tí eku ti jẹ lórí.
Ó ṣí ìlẹ̀kùn ọ̀tún: eruku, èèpo ẹ̀pà,
káàdì rìṣáájì kan tí wọ́n ti ha.
Ó ṣí ti òsì.
Sípíkà ibẹ̀ ti ya láyà, ó ti rún bí ewé ọyẹ́.
Mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fa píìnì méjì àti nọ́ọ̀tì kan mọ́ra.
Ohun tí kò lè fà ló jókòó sínú yíya náà, tó ń dán.
"Màmá, ṣé tiyín rèé?"

Yẹtí wúrà. Ti ìyá mi.
Ẹyọ kan.

Ọmọ kan wà nígbà kan, Ràímì, láti Òkè-Ààrẹ,
tó ń fọ ọkọ̀ yìí fún mi láàárọ̀ Sátidé.
Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, bàtà rẹ̀ ò bára mu,
a máa nu gíláàsì bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó ń sun.
"Mi ò mú un, Mà. Ẹ wò ó, mi ò mú un."
Mo yí àpò rẹ̀ síta lójú gbogbo àdúgbò.
Bisikíìtì ààbọ̀ ló jábọ́.
N kò san owó ọ̀sẹ̀ yẹn fún un.
Ó rọra gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, omi ṣì wà nínú rẹ̀.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá...
Ìyá mi ì bá ti parí rẹ̀.

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí Múkáílà tó so wáyà tó kẹ́yìn.
Ó tàn án. Ọlọ́run mi!
Ohùn dìde láàárín gíláàsì iwájú bí ẹni pé olórin jókòó sórí ẹ́ńjìnnì;
mo gbọ́ èémí tó fà kó tó kọrin,
mo gbọ́ ìka lórí okùn jìtá,
wúfà ń kùn lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, dígí ẹ̀yìn ń gbọ̀n,
àwọn oníbáńpà ń mi orí.
Òsì ń wí. Ọ̀tún ń wí.
Láàárín àwọn méjèèjì, ohùn ọmọdé kan,
ó mọ́ kedere.

"Màmá, ṣé kò dún tó ni? Kí n fi kún un?"
"Ó ń dún," mo ní. "Ó ń dún dáadáa."
Mo pa á.
Yẹtí náà wà látẹ́lẹwọ́ mi, kò wúwo rárá.
Mo wá ń bi Múkáílà ní ọ̀nà Òkè-Ààrẹ,
èmi tí wọ́n bí sí Bẹẹrẹ.